Irin Inú Abẹ́rẹ́ Tí Ojú Ewé Ìlera Yín Kò Dárúkọ

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lórí ojú ewé ìlera. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú mi sì dùn sí bí ẹ ṣe là á yé àwọn ènìyàn pé ẹ̀rọ náà kì í lo ìtànṣán irú ti X-ray. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ dé orí oògùn tí a máa ń fà sí iṣan aláìsàn kí àwòrán lè hàn kedere, gadolinium nìkan lẹ dárúkọ, ẹ sì kọjá. Nítorí irin ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Irin náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n ń fà sí iṣan fún àwòrán ẹ̀dọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kàn jù lọ, ìyẹn àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, àwọn gan-an ni ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ fún.

Iṣẹ́ mi ni láti máa fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú ara. Èmi kọ́ ni dókítà tí ń túmọ̀ àwòrán. Èmi ni mo máa ń pàdé aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà, tí mo máa ń bi í ní ìbéèrè, tí mo máa ń mú un wọlé, tí mo sì máa ń jókòó sẹ́yìn gíláàsì, tí mo ń wo ojú kọ̀ǹpútà títí iṣẹ́ á fi parí. Ìbéèrè tí mo máa ń bi tọmọdé tàgbà ni pé: ṣé irin kankan wà lára yín? Agogo ọwọ́, yẹtí, ohun tí wọ́n fi de irun, eyín àtọwọ́dá, irin tí wọ́n fi to eegun, ẹ̀rọ tí ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù, gbogbo rẹ̀ la máa ń béèrè. Òòfà inú ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1.5 tesla lágbára ju òòfà ilẹ̀ ayé lọ ní ìlọ́po bí 30,000. Tọ̀sán-tòru ló sì máa ń ṣiṣẹ́, a kì í pa á tí a bá ń lọ sílé. Àlùmọ́gàjí tí nọ́ọ̀sì bá gbàgbé sápò lè fò yọ kí ó lọ bá aláìsàn níbi tó sùn sí. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń béèrè, tí a sì tún máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá àgbàlagbà kan wá, tí kíndìnrín ti ń yọ lẹ́nu tipẹ́. A ti gba òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ó ti wọ aṣọ tí a fún un, ó ti jókòó sórí ibùsùn ẹ̀rọ. Dókítà wá sọ fún un pé oògùn tí a máa fà sí i lára kí a tó ya iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, irin ló wà nínú rẹ̀. Ìyá yíjú sí mi. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹ gba ẹ̀gbà ọwọ́ mi torí pé irin ni, ẹ wá fẹ́ da irin sí mi lẹ́jẹ̀, kí ẹ sì tún tì mí sínú òòfà?”

N kò tíì gbọ́ ìbéèrè tó dáa tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu aláìsàn rí. N kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ èmi àti òun nìkan la máa mọ ìdáhùn rẹ̀, nítorí náà ẹ bá mi fi í síwájú àwọn òǹkàwé yín.

Irin tí à ń sọ yìí kì í ṣe irin tí alágbẹ̀dẹ ń lù. Irin tó ti bá ọ́síjìn ṣọ̀kan ni, irú èyí tó wà nínú òkúta dúdú tí wọ́n ń pè ní magnetite, tí àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ń kọ báyìí: Fe3O4. Bí ọ́síjìn bá tún ràn án sí i, á di maghemite, àwọ̀ rẹ̀ á sì máa fà sí pupa rúsúrúsú. Bí ẹ̀rún rẹ̀ ṣe kéré tó ni ohun tó sọ ọ́ di oògùn. Ẹ pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni nánómítà. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ fẹ̀ tó nánómítà 7,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin tó wà láàárín ẹ̀rún oògùn yìí kì í sábà ju nánómítà 5 sí 10 lọ.

Irin tó tóbi, bí òòfà bá ti kàn án, òun náà lè di òòfà, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ti ẹ̀rún tíntìntín yìí yàtọ̀. Bí magnetite bá ti kéré tó nánómítà 20 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ooru lásán ti tó láti máa yí ojú òòfà rẹ̀ síwá sẹ́yìn láìdúró. Nígbà tí kò bá sí òòfà nítòsí, kò sí ibi tó kọjú sí, kò sì sí ohun tó lè fà mọ́ra, ẹnìkejì rẹ̀ pàápàá kò lè fà á. Gbé e dé iwájú òòfà ńlá, gbogbo wọn á kọjú síbì kan náà lọ́gán. Gbé e kúrò níbẹ̀, wọ́n á tún dàrú. Mo sọ fún ìyá yẹn pé bí ọmọ ilé-ìwé ló rí: agogo lù, gbogbo wọn tò sórí ìlà; agogo tún lù, kò sí ìlà mọ́. Louis Néel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàlàyé ìwà ẹ̀rún kékeré yìí lọ́dún 1949. Lọ́dún 1970, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí òòfà. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún aláìsàn ni pé nígbà tó bá jáde nínú ẹ̀rọ, òòfà kankan kò kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó lè mú kí ẹ̀rún máa fà mọ́ ẹ̀rún. Ẹ̀gbà ọwọ́ ńkọ́? Irin ẹ̀gbà wúwo, òòfà rí i dì mú, ó lè fà á tọwọ́tọwọ́. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá ṣe kéré tó ni agbára tí òòfà fi ń fà á ṣe ń kéré. Ẹ̀rún tí kò tó nǹkan báyìí, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ni yóò gbé e lọ, òòfà kò ní rí i fà yọ.

Ìyá náà mi orí, ó ní kí n máa bá àlàyé lọ. Mo sọ ìyókù fún un bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ níbí.

Omi ló pọ̀ jù nínú ara wa. Háídrójìn wà nínú omi, òun sì ni ẹ̀rọ MRI ń tẹ́tí sí. A ó rán ìgbì rédíò sí i, òun náà á dá ìgbì padà, kọ̀ǹpútà á gbà á, á sì fi ya àwòrán. Lọ́dún 1973 ni Paul Lauterbur fi hàn pé a lè fi ìgbì yìí ya àwòrán. Peter Mansfield náà ṣe iṣẹ́ tó mú kí ó yá kíákíá, wọ́n sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2003. Ìgbì tí háídrójìn ń dá padà kì í pẹ́ kí ó tó kú. Tí ẹ̀rún irin bá wà nítòsí, agbára òòfà àyíká rẹ̀ kì í dọ́gba mọ́. Háídrójìn tó wà lápá ìhín á máa yí ní ìwọ̀n tirẹ̀, èyí tó wà lọ́hùn-ún á máa yí ní ìwọ̀n mìíràn, ìgbì wọn á dàrú mọ́ ara wọn, á sì tètè kú. Ibi tí ìgbì bá ti kú, dúdú ló máa ń hàn lójú kọ̀ǹpútà. A kì í rí irin náà fúnra rẹ̀. Ohun tó ṣe sí omi tó yí i ká là ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀dọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ẹ̀dọ̀ tó dá, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní Kupffer, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gbé ohun àjèjì inú ẹ̀jẹ̀ mì. Ẹ̀rún irin tó bá ń kọjá lọ, wọ́n á gbé e mì. Oògùn ti ọdún 1996 tí mo mẹ́nu bà, ferumoxides lorúkọ rẹ̀, bí ìdá 80 nínú 100 irin inú rẹ̀ ló máa ń wọ ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ tó bá ti ibòmíràn ràn wọ ẹ̀dọ̀ kò ní sẹ́ẹ̀lì Kupffer nínú. Ẹ wá wo àwòrán méjì tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, kí oògùn tó wọlé, àwọ̀ eérú ni ẹ̀dọ̀, kókó inú rẹ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọ̀ eérú kan náà. Ojú á máa wá a kiri, á sì máa ṣiyèméjì. Nínú ti ẹ̀kejì, gbogbo ẹ̀dọ̀ ti dúdú kirikiri, kókó náà wá yọ funfun báláú, etí rẹ̀ gún régé, ẹ lè fi rúlà wọ̀n ọ́n. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́, títí dòní n kò rí i kí inú mi má dùn.

Ìwọ̀n irin tí wọ́n ń fún aláìsàn nígbà yẹn jẹ́ mílígíráàmù 0.56 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wọn kílò 70 á gba nǹkan bí mílígíráàmù 39. Àgbàlagbà ti ní gíráàmù 3 sí 4 irin lára tẹ́lẹ̀. Lójoojúmọ́ layé, ara wa ń tú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti gbó, ó ń kó mílígíráàmù irin 20 sí 25 jáde nínú wọn, ó sì ń fi í ṣe sẹ́ẹ̀lì tuntun. Inú irin yìí kan náà ni irin àwòrán máa ń lọ. Sẹ́ẹ̀lì tó gbé e mì á yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ara á fi í pamọ́ tàbí kí ó fi í ṣe ẹ̀jẹ̀. N kò mọ oògùn àwòrán mìíràn tí ara ń rí fi ṣe oúnjẹ báyìí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò díjú. Lọ́dún 1981, René Massart, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ọ̀nà kan tí wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé di òní. Wọ́n á po iyọ̀ irin oríṣi méjì sínú omi, ìwọ̀n ẹyọ kan sí méjì, wọ́n á sì da ammonia sí i. Omi tó pọ́n rúsúrúsú á dúdú lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fi òòfà kan ẹ̀gbẹ́ ìgò, gbogbo dúdú náà á rọ́ lọ síbẹ̀, omi tó kù á mọ́ gaara. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí gbogbo ẹ̀rún tó ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n sì wọ aṣọ. Dextran, tó jẹ́ ọmọ ìyá ṣúgà, ni wọ́n sábà ń fi bò ó kí ẹ̀rún má baà lẹ̀ mọ́ ẹ̀rún. Aṣọ yìí àti bí gbogbo rẹ̀ ṣe tóbi tó ló ń pinnu ibi tó máa lọ nínú ara. Èyí tó bá tóbi tó nánómítà 100 lọ sókè, ẹ̀dọ̀ á tètè kó o. Èyí tó wà ní bí i 30, á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, á ráyè rìn dé ibi tó jìn.

Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ ba gadolinium lórúkọ jẹ́. Ojoojúmọ́ là ń lò ó, ó sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé yín yẹ kó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2006, nígbà tí àwọn dókítà ní Austria àti Denmark rí i pé àìsàn kan tó ń mú awọ ara yi, tó ń mú oríkèé le gan-an, àwọn aláìsàn kíndìnrín tó ti gba gadolinium ló ń mú. Kíndìnrín ló yẹ kó yọ gadolinium dànù. Bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́, gadolinium á pẹ́ lára, á sì ráyè ṣe ìjàǹbá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù sára rẹ̀. Lọ́dún 2017, àjọ oògùn ilẹ̀ Yúróòpù dá lílo púpọ̀ nínú àwọn oríṣi tí ohun tí wọ́n fi de gadolinium kò dì í mú pinpin dúró. Àwọn oríṣi tó wà nílẹ̀ báyìí, tí wọ́n dè dáadáa, ti dín ewu yẹn kù gidigidi. Síbẹ̀, mo ti rí ẹ̀rù lójú àwọn aláìsàn kíndìnrín, mo sì ti rí dókítà tó pinnu pé kí a ya àwòrán láìfi oògùn kankan sí i, kí ó kàn fi ojú wá ohun tó ń wá nínú òkùnkùn.

Àwọn wọ̀nyí gan-an ni irin dáa fún, torí kì í gba ọ̀dọ̀ kíndìnrín jáde. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ ferumoxytol. Ní 2009, FDA fọwọ́ sí i fún àìtó ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. Ìgò rẹ̀ kan ní mílígíráàmù irin 510 nínú. Àwọn dókítà tètè rí i pé ẹ̀rún irin irú èyí tí mo ṣàlàyé lókè ni òun náà, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Wákàtí bí 15 ni ìdajì rẹ̀ fi ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, gadolinium kì í lo ìṣẹ́jú mélòó kan nínú iṣan kí ó tó máa sá jáde. Ohun tó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu ni pé, tí a bá yí ètò ẹ̀rọ padà sí irú àwòrán mìíràn, irin tó kéré báyìí kì í mú nǹkan dúdú mọ́, ṣe ló máa ń mú iṣan tàn. Ti ìyá yẹn tàn láti ọrùn títí dé ìsàlẹ̀ ikùn, iṣan ńlá àti ẹ̀ka rẹ̀, ibi tó há hàn kedere. Dókítà rí ibi tí abẹ máa gbà láìfi gadolinium kàn án.

Òtítọ́ tó kù ni pé irin yìí ní ewu tirẹ̀. Ara àwọn kan máa ń kọ̀ ọ́ lójijì: ìfúnpá á rọlẹ̀, èémí á há. Àwọn kan ti kú. Nítorí bẹ́ẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2015, FDA ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù sára ferumoxytol náà, kí wọ́n má ṣe fi abẹ́rẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní tààrà láìlà á mọ́, kí wọ́n là á, kí wọ́n fà á sí iṣan fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì máa ṣọ́ aláìsàn fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn rẹ̀. Ní ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn láàárín ìgbà náà, oògùn ìdóòlà sì máa ń wà lórí tábìlì. Ẹni tó bá ní oògùn kan tí ara rẹ̀ ti kọ̀ rí, kí ó sọ ọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ irin yìí wá kù. Nínú ara wa, àwọn kókó kéékèèké kan wà, lábẹ́ abíyá, ní itan, nínú ikùn, tí àwọn dókítà ń pè ní lymph node. Ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ sábà máa ń kọ́kọ́ sá lọ tó bá fẹ́ ràn. Bí wọ́n ṣe máa ń wo àwòrán wọn ni pé, bí kókó bá ti tóbi, wọ́n á fura sí i. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ lè wà nínú kókó tí kò tóbi rárá. Ẹ̀rún irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ferumoxtran-10 lè rìn dé inú àwọn kókó yìí. Kókó tó dá á gbé irin mì, á dúdú. Apá tí jẹjẹrẹ ti jẹ kò ní rí i gbé mì, funfun ló máa wà. Lọ́dún 2003, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ọkùnrin 80 tó ní jẹjẹrẹ prostate. Wọ́n wo kókó 334. Ọ̀nà àtijọ́ rí 35.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn kókó tí jẹjẹrẹ wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n fi irin sí i, ó di 90.5. Ẹ tún un kà, ẹ jọ̀ọ́. Kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tí jẹjẹrẹ ti ràn dé kókó wọn tí àwòrán irin kò fi hàn pé ó ti ràn.

Ibo ni oògùn yẹn wà lónìí? Lọ́dún 2005, ìgbìmọ̀ tó ń gba FDA nímọ̀ràn kò gbà pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ti tó. Lọ́dún 2007, àwọn tó gbé e lọ sí Yúróòpù fa ìwé wọn yọ. Ní 2008, wọ́n dáwọ́ ferumoxides ti ẹ̀dọ̀ dúró torí ọjà rẹ̀ kò yá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, èkejì rẹ̀, ferucarbotran, kúrò ní ọjà Yúróòpù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jàpáànù kò bá wọn dá a dúró. Mo mọ àwọn ìdí tó wà nídìí rẹ̀. Ferumoxides ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó fà á tán, ó sì máa ń mú ẹ̀yìn dun àwọn mìíràn. Gadolinium ti ẹ̀dọ̀ tó dé ọjà Amẹ́ríkà lọ́dún 2008 yẹn kan náà, abẹ́rẹ́ kan ni, ó sì parí. Ẹni tó bá ń ṣe oògùn fẹ́ jèrè, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò gba gadolinium kò pọ̀ tó láti sọ ọjà di ńlá, ó sì dùn mí pé iye wọn ló fẹ́ pinnu bóyá a máa ya àwòrán wọn dáadáa. Ní ìlú Nijmegen, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, àwọn dókítà yunifásítì Radboud kò jẹ́ kí ferumoxtran-10 kú. Wọ́n gbé e dìde padà, wọ́n sì ń lò ó fún àwọn aláìsàn prostate. Irú ìròyìn báyìí ni mo fẹ́ máa rí lórí ojú ewé yín.

Àwọn ìlò mìíràn ń dìde. Nínú jẹjẹrẹ ọyàn, dókítà oníṣẹ́ abẹ máa ń fẹ́ mọ kókó tó kọ́kọ́ ń gba omi láti ibi àìsàn, kí ó lè yọ ọ́ wò. Technetium tó ní ìtànṣán ni wọ́n sábà ń fi wá a, wákàtí mẹ́fà péré ni ìdajì agbára rẹ̀ sì fi ń lọ, nítorí náà ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀ka tó ń lo ohun ìtànṣán kò rí i ṣe. Ní 2018, FDA fọwọ́ sí irin kan, Magtrace, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ sí abẹ́ awọ. Ó lè ti wà níbẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, dókítà á wá gbé ọ̀pá kékeré kan tó ń mọ òòfà lé abíyá, ọ̀pá náà á dún níbi tí kókó wà. Àbùkù rẹ̀ ni pé awọ ibẹ̀ lè pọ́n fún ìgbà pípẹ́, àwòrán MRI ọyàn náà á sì dàrú níbẹ̀. Ní Hamburg, lórílẹ̀-èdè Jámánì, Bernhard Gleich àti Jürgen Weizenecker gbé ẹ̀rọ mìíràn kalẹ̀ lọ́dún 2005 tó jẹ́ irin nìkan ló ń rí, kì í rí omi, kì í rí eegun. Lọ́dún 2009, wọ́n fi ya ọkàn eku tó ń lù lọ́wọ́. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwa tí à ń ya àwòrán aláìsàn lójoojúmọ́, mo sì ń retí rẹ̀.

Èyí tó kàn yìí ló mú mi gbé kálámù gan-an. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá ya ikùn. Ìrora inú ló ń dà á láàmú. Bí àwòrán rẹ̀ ṣe ń jáde ni mo rí i pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dúdú kirikiri, bẹ́ẹ̀ a kò fún un ní oògùn kankan. Ẹ̀dọ̀ tó bá rí bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ti ẹni tí irin ti pọ̀ lápọ̀jù lára rẹ̀, àìsàn ńlá sì ni, ó lè sọ ènìyàn di ẹni tó ń lọ sí ilé ìwòsàn láìdákẹ́. Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo wọlé lọ bá a, mo bi í bóyá wọ́n fa nǹkan kan sí i lára láìpẹ́ yìí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n fún òun ní omi dúdú kan fún àìtó ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn mìíràn, òun kò mọ̀ pé ó kan ọ̀rọ̀ MRI, fọ́ọ̀mù tí òun kọ kò sì béèrè. Ferumoxytol ni. A kọ ọ́ sínú ìwé tó ń bá àwòrán lọ, dókítà tó ń túmọ̀ àwòrán kò fi àìsàn tí kò ní kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì ní kí ó padà wá nígbà tí irin bá ti lọ.

Ìwé tó ń bá oògùn náà wá sọ ọ́ kedere pé ó lè yí àwòrán MRI padà fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa ya MRI, kí ó yà á ṣáájú kí ó tó gba irin, bí àyè bá wà. Ẹni tó ti gbà á, kí ó sọ ọ́, kí ó sì mú orúkọ oògùn náà dání, torí oríṣi irin tí wọ́n ń fà sí iṣan pọ̀, wọn kì í sì í ṣe bákan náà nínú òòfà. Àwọn tó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ, àwọn aboyún àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn tí ara wọn kò gba irin oníhóró mọ́, àwọn ni wọ́n sábà máa ń fa irin sí lára. Ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú wọn ń ka ìwé ìròyìn yín.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀, Olóòtú. Nígbà mìíràn tí ẹ bá tẹ àkójọ ohun tó yẹ kí ènìyàn sọ kí ó tó wọ ẹ̀rọ MRI, lábẹ́ ìbéèrè ẹ̀rọ ọkàn àti irin eegun, ẹ bá mi fi ẹyọ kan kún un: “Ṣé wọ́n ti fa irin sí yín lára láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn? Kí lorúkọ oògùn náà?” Tí àyè bá ṣẹ́ kù, ẹ kọ ọ́ sí i pé kò kan X-ray, CT tàbí ultrasound, kí ẹnikẹ́ni má baà sún ọjọ́ tiwọn síwájú lásán.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ ìyàwòrán MRI kan